Ẹ Jẹ́ Kó Sọ Ọ́ Tán

Nígbà tí ọkọ Màmá Alágbàfọ̀ wà láyé, ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ohùn obìnrin náà ní láti dúró dìgbà tí ọkùnrin yẹn bá jáde. Kì í ṣe pé ó rorò mọ́ ìyàwó rẹ̀ o. Aláwàdà ni, ènìyàn dáadáa ni, ẹnu rẹ̀ ni kì í sinmi. Bí oníbàárà bá ti fẹsẹ̀ kan wọ ṣọ́ọ̀bù, ó ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: "Ẹ wo kóòtù! Ṣé ẹ wọ̀ ọ́ ni, àbí ẹ fi nu mọ́tò?" Oníbàárà á bú sẹ́rìn-ín, á kó aṣọ lé orí káńtà, á sì gbàgbé pé kíá lòun fẹ́ ṣe. Nínú yàrá ẹ̀yìn, níbi tí ẹ̀rọ ìfọṣọ wà, ìyàwó á máa lọ aṣọ, á máa rẹ́rìn-ín sínú. Bí òun náà bá la ẹnu, tó ní, "Aṣọ ibùsùn tí wọ́n kó wá lánàá yẹn...", ọkọ á ti gbà á mọ́ ọn lẹ́nu: "Kò tíì gbẹ, mo mọ̀." Bẹ́ẹ̀ náà ló sì máa ń rí. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti jọ ń gbé débi pé ó mọ ibi tí gbogbo ọ̀rọ̀ ìyàwó rẹ̀ ń lọ kí ọ̀rọ̀ náà tó débẹ̀.

Nígbà tó kú, ṣọ́ọ̀bù dákẹ́ bí ilé tí wọ́n kó ẹrù inú rẹ̀ lọ. Iṣẹ́ kò dúró. Ọwọ́ Màmá mọ́, kò sẹ́ni tí kò mọ̀. Ṣẹ́ẹ̀tì tó bá ti ọwọ́ rẹ̀ jáde, ọrùn rẹ̀ á dúró, apá rẹ̀ á ní ìlà kan ṣoṣo tó gún régé. Àwọn oníbàárà ṣì ń wá, àmọ́ wọ́n ń wọlé bí ẹni tó ń wọ yàrá aláìsàn. Wọ́n á ní, "Màmá, ara ńkọ́?" Kó tó ní "Ara...", wọ́n á ti ní, "A dúpẹ́. Ọlọ́run á tù yín nínú. Ẹ ṣe ọkàn gírí." Wọ́n ti jáde nìyẹn. Àwọn mọ̀lẹ́bí náà kò yàtọ̀. Bí ó bá ní, "Ọjọ́ tó kú yẹn...", àbúrò ọkọ rẹ̀ á ní, "Ẹ má rò ó mọ́, ìyàwó wa. Ibi ire ló lọ." Gbogbo ayé ló mọ ìparí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Nígbà tó yá, kò wulẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kankan mọ́.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin ni ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ sú. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì lọ́mọ yìí ti ń ṣiṣẹ́, òun ló ń dáná fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ó wọlé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó bọ́ bàtà, ó ní:

"Màmá, mo ti rí ẹni tí ẹ ó máa bá sọ̀rọ̀."

"Mo ní kí o bá mi wá a ni?"

"Ẹ ò ní kí n wá a. Òun ló ń wá yín."

Ó wá ṣàlàyé. Akẹ́kọ̀ọ́ kan wà lọ́dọ̀ àwọn, ọmọbìnrin tó ti òkè òkun wá. Bó bá di ká kọ nǹkan sínú ìwé, kò sẹ́ni tó lè ṣíwájú rẹ̀. Àmọ́ wọ́n ní ìdánwò kan tí wọ́n ń fẹnu ṣe: akẹ́kọ̀ọ́ á jókòó ti aláìsàn, á bi í ní nǹkan tó ń ṣe é, àwọn olùkọ́ mẹ́ta á sì dúró máa gbọ́. Ibẹ̀ lọ́mọ náà ti kùnà. Ẹnu rẹ̀ há, omi bọ́ lójú rẹ̀, wọ́n ní kó máa lọ. Ó ku ẹ̀ẹ̀kan péré tí wọ́n máa jẹ́ kó tún un ṣe. Bó bá tún kùnà, ilé wọn ló ń padà sí nìyẹn, gbogbo ìwé tó ti kà á di òfo. Olùkọ́ rẹ̀ wá ní kó lọ wá ẹni tí kò gbọ́ èdè mìíràn ju èdè ibí lọ, kó máa lọ bá a sọ̀rọ̀ déédéé.

"Torí pé mi ò kàwé lo ṣe rántí mi," ni Màmá wí.

"Torí pé ẹ ò kàwé ni. Àti torí pé ẹ ti fẹ́ yadi mọ́ wa lọ́wọ́."

Màmá pòṣé. Àmọ́ kò ní kí ọmọ náà má wá.

Ó wá lọ́jọ́ Sátidé, ó gbé àpò kọ́ ẹ̀yìn, ó di okùn rẹ̀ mú bí ẹni pé wọ́n fẹ́ já a gbà. Ó ga, ó tín-ín-rín, ojú rẹ̀ sì ń wá ibi tó máa sá sí. Ó tẹríba.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Mo wá... mo wá láti..."

"Láti bá mi sọ̀rọ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni mà!" Inú rẹ̀ dùn débi pé ó fẹ́ bú sẹ́kún.

"Ó dáa, Nọ́ọ̀sì. Mi ò lè fọwọ́ lẹ́rán kí n máa wo ojú ẹ. Wá ká àpò ìrọ̀rí wọ̀nyí."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ní gbogbo Ọjọ́rú lẹ́yìn kíláàsì, àti ní àárọ̀ Sátidé, Nọ́ọ̀sì á yọjú. Màmá á máa lọ aṣọ, òun á máa ká a. Màmá kọ́ ọ ní òfin ṣọ́ọ̀bù: a kì í fi aṣọ kan omi láìjẹ́ pé a yẹ àpò rẹ̀ wò lójú oníbàárà. Ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kí àwọn èèyàn, àwọn tó fẹ́ kí wọ́n pẹ́ lórí ìkíni àti àwọn tó ń kánjú. Nǹkan ń lọ geere. Bí ọ̀rọ̀ bá há mọ́ ọmọ náà lọ́fun, Màmá á bá a fà á jáde, àwọn méjèèjì á sì máa bá a lọ.

"Bàbá mi, iṣẹ́ wọn, wọ́n ń gé... wọ́n ń gé..."

"Irun! Onígbàjámọ̀ ni!"

"Bẹ́ẹ̀ ni mà."

"Iṣẹ́ gidi ni. Ìyá ẹ ńkọ́?"

"Ìyá mi, ẹsẹ̀ wọn... torí pé wọ́n máa ń..."

"Ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n! Àgbà ti ń dé sí wọn. Wọ́n máa ń jókòó sílé, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni mà."

Kò pẹ́ tí Màmá fi mọ gbogbo ìdílé ọmọ náà látòkèdélẹ̀. Ó ń royìn wọn fún ọmọ rẹ̀: bàbá onígbàjámọ̀, ìyá tí ẹsẹ̀ ń dùn tí kì í jáde nílé, ẹ̀gbọ́n ọkùnrin tó lọ ṣe sójà. Ọmọ rẹ̀ á máa wò ó tìyanutìyanu. Obìnrin tí kì í sọ ju "hẹn" lọ ti wá ń sọ̀rọ̀ títí oúnjẹ fi ń tutù.

"Ó ti ń gbọ́ èdè wa dáadáa," Màmá á wí. "Ìdánwò yẹn, ó máa yege. Ẹ̀rù ò bà mí."

Ní Ọjọ́rú kan tí òjò ò jẹ́ kí oníbàárà wá, Nọ́ọ̀sì na ìka sí àwòrán tó wà lára ògiri, èyí tí ọkọ Màmá ti ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn káńtà. Ó béèrè pé kí ló ṣe wọ́n.

Màmá gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀. Ó ní, "Ọjọ́ tó kú yẹn..." Ó dánu dúró, torí pé ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń gbà á mọ́ ọn lẹ́nu.

Kò sẹ́ni tó gbà á. Nọ́ọ̀sì ń wò ó. Ọmọ náà kò mọ "ẹ ṣe ọkàn gírí." Kò mọ "ibi ire ló lọ." Kò sí ohun kan tó lè sọ, nítorí náà ó ṣí ojú sílẹ̀, ó ń retí.

Màmá bá tún un bẹ̀rẹ̀. Ó ní ọ̀sán gangan ni. Ọkọ òun wà níwájú, ó ń sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ kan fún oníbàárà, òun wà lẹ́yìn, òun ń fi etí kan gbọ́. Ọkùnrin náà ní àṣà kan: bó bá kù díẹ̀ kó dé ibi tí ẹ̀rín wà, á dákẹ́, kó lè dùn mọ́ ẹni tó ń gbọ́ ọ. Ó dákẹ́. Òun náà ń dúró lẹ́yìn. Oníbàárà ń dúró níwájú, ẹ̀rín ti wà lẹ́nu rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n ń dúró. Òun tilẹ̀ lọ apá ṣẹ́ẹ̀tì kan tán, òun ń sọ nínú ara òun pé ó ti pẹ́ jù lónìí, ó mọ̀ ọ́n ṣe. Ìgbà tí oníbàárà figbe ta lòun tó jáde. Ọkọ òun jókòó sórí àpótí rẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri. Ó ti lọ.

"Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí pé mò ń lọ aṣọ," Màmá wí. "Ó ń kú lọ, èmi ń retí ẹ̀rín."

Òjò ń rọ̀. Nọ́ọ̀sì béèrè, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́:

"Màmá. Ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ náà... báwo ló ṣe... parí?"

Màmá wò ó. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè èyí rí. Ó ní òun mọ̀ ọ́n, òun ti ń gbọ́ ọ láti ìgbà tí irun òun ṣì dúdú. Ọkùnrin kan gbé ìbọ̀sẹ̀ ẹyọ kan wá fún wọn láti fọ̀. Wọ́n ní ìkejì rẹ̀ dà? Ó ní, "Ó wà lẹ́sẹ̀ mi. Ẹ tètè fọ ìyẹn, kí n wá pààrọ̀ rẹ̀."

Nọ́ọ̀sì ronú sí i. Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Lójijì ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó pẹ́ kó tó dé, àmọ́ nígbà tó dé, ó di ikùn mú, ó fi orí lé àwọn àpò ìrọ̀rí. Màmá náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì nù ún.

Inú rẹ̀ fúyẹ́ lọ́jọ́ náà. Ó sùn bí ọmọdé.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e ni ọ̀ràn dé. Nọ́ọ̀sì mú fóònù jáde láti fi àwọn ará ilé rẹ̀ hàn án. Bàbá rẹ̀ ló kọ́kọ́ jáde, ọkùnrin kan tó wọ ìbọ̀wọ́ tó nípọn, dígí ńláńlá tò ti ògiri yí i ká.

"Ṣọ́ọ̀bù wọn mà tóbi o! Gbogbo dígí yìí, kí àwọn tó ń gẹrun lè máa wo ara wọn?"

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ojú ń tì í. "Rárá mà. Bàbá mi ń gé dígí. Dígí fèrèsé."

"Onígbàjámọ̀ ńkọ́?"

"Ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀ mà."

Màmá jókòó. Ó ní, "Ìyá ẹ ńkọ́, tí kì í jáde nílé?"

"Ìyá mi ń wa bọ́ọ̀sì mà. Ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n torí pé wọ́n ń tẹ búrẹ́kì látàárọ̀ dalẹ́."

"Ẹ̀gbọ́n ẹ tó jẹ́ sójà?"

"Ó ń dáná ní òtẹ́ẹ̀lì."

"Kí ló dé tí o ò sọ?"

Nọ́ọ̀sì fi ọwọ́ ra aṣọ tó ń ká. "Mo máa ń fẹ́... mo máa ń..."

Màmá ti la ẹnu. Ọ̀rọ̀ náà ti wà lórí ahọ́n rẹ̀, ó ti fẹ́ bọ́. Ó rí ojú ọmọ náà: ojú ẹni tó ti fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lójú ọ̀nà, tó ń retí kí ẹlòmíràn bá òun gbé e. Ó mọ ojú yẹn. Irú ojú yẹn gan-an ni òun náà ní ní gbogbo ọdún tó fi wà nílé ọkọ. Ọkùnrin rere nì kò pa á lẹ́nu mọ́ rí, ó kàn ń ràn án lọ́wọ́ ni, títí ẹnu rẹ̀ fi gbàgbé iṣẹ́. Òun náà wá fi gbogbo oṣù yìí ran ọmọ ọlọ́mọ lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀. Nínú ṣọ́ọ̀bù yìí, Nọ́ọ̀sì ń sọ̀rọ̀ bí ọmọ ìlú. Níwájú olùkọ́ mẹ́ta, tí kò sí Màmá níbẹ̀ ńkọ́? Ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti há ni ọmọ máa dúró sí, tí á máa retí.

Ìdánwò sì ku ọ̀sẹ̀ kan.

"Nọ́ọ̀sì," ó ní, "gbọ́ mi. Èmi ni mò ń sọ ọ̀rọ̀ ẹ. Láti òní lọ, bó bá há, o máa fà á jáde fúnra ẹ. Bó bá di ọ̀la kó tó jáde, a máa dúró dè é. Mi ò ní ràn ọ́ lọ́wọ́."

"Màmá, mi ò lè... mi ò..."

Màmá di ètè rẹ̀ mú, ó fi ìka méjì há a bí ìgbà tí wọ́n fi pẹ́ẹ̀gì há aṣọ sórí okùn. Ó pẹ́. Ó pẹ́ gan-an.

"...lè ṣe é láìsí yín," ni ọmọ náà sọ níkẹyìn.

"Ṣebí o ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe é nìyẹn!"

Kò sí iṣẹ́ tó le tó bẹ́ẹ̀ rí lára Màmá. Kí wọ́n ní kó fọ aṣọ ọsibítù gbogbo lọ́wọ́, á rọrùn jù ú lọ. Nọ́ọ̀sì bẹ̀bẹ̀ pé kí àwọn máa rí ara wọn lójoojúmọ́ ọ̀sẹ̀ náà. Bí ọmọ náà bá ń wá ọ̀rọ̀, Màmá á kọjú sí ògiri. Á ka bọ́tìnnì. Ó fi áyọ́ọ̀nù jó ẹsẹ̀ ṣòkòtò ẹni ẹlẹ́ni kan torí pé ọkàn rẹ̀ wà lára ọ̀rọ̀ tí kò tíì jáde. Ọmọ rẹ̀ tó yọjú wá wo wọ́n ní, "Ẹ wo bí Màmá ṣe ń làágùn! Ta gan-an ló ń ṣe ìdánwò?"

Lọ́jọ́ tí ìdánwò ku ọ̀la, lọ́yà kan tó jẹ́ oníbàárà wọn já wọlé bí ìjì. Màmá wà lẹ́yìn. Nọ́ọ̀sì nìkan ló wà ní káńtà.

"Màmá dà? Kọ́kọ́rọ́ ilé mi wà nínú kóòtù tí mo mú wá lánàá! Ẹ ti sọ ọ́ sómi!"

Màmá ti gbé ẹsẹ̀ láti jáde. Ó tún gbé e padà. Ó dúró lẹ́yìn aṣọ ìkélé, ó fi eyín di etí àpò ìrọ̀rí kan.

"Ẹ káàárọ̀ sà," ni Nọ́ọ̀sì wí. "Ẹ jókòó. Ta ló... ta ló mú kóòtù náà wá?"

"Èmi fúnra mi!"

"Ṣé a... ṣé a wo àpò rẹ̀... lójú yín?"

"Ẹ wò ó, àmọ́... Kí ló dé tí o ń fa ọ̀rọ̀ báyìí? Pe Màmá fún mi!"

Màmá gé àpò ìrọ̀rí jẹ.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà. Mo ń bọ̀ níbẹ̀. Ìgbà wo lẹ... lo kọ́kọ́rọ́ náà... gbẹ̀yìn?"

"Ìgbà wo ni mo... Kí ni ìyẹn já mọ́? Mo lò ó láàárọ̀ yìí nígbà tí mo ń ti ilẹ̀..."

Ọkùnrin náà dánu dúró. Nọ́ọ̀sì kò bá a parí rẹ̀. Ó ń wò ó tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ń retí.

"...kùn," lọ́yà parí rẹ̀, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Mo fi ti ilẹ̀kùn láàárọ̀ yìí. Ó ṣì há síbẹ̀." Ó nu iwájú orí. "Ọmọ, ta ló kọ́ ọ níbèéèrè? Ilé-ẹjọ́ ló yẹ kí o ti máa ṣiṣẹ́ o, kì í ṣe ọsibítù. Bá mi bẹ Màmá."

Nígbà tó jáde, Màmá yọ sí i láti ẹ̀yìn. Nọ́ọ̀sì yíjú sí i, ojú rẹ̀ tàn bí ojú ẹni tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ kọjá odò.

"Ẹ wà níbẹ̀?"

"Mo wà níbẹ̀."

"Ẹ ò jáde!"

"Kí ni mo fẹ́ jáde wá ṣe?"

Lọ́jọ́ ìdánwò, Màmá lọ aṣọ ibùsùn kan náà títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di bébà. Ó ti di ìrọ̀lẹ́ kí ilẹ̀kùn tó ṣí. Ọmọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ wọlé, ó ń sáré, Nọ́ọ̀sì ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

"Màmá! Wọ́n ti sọ èsì, ó ti..."

"Pa ẹnu ẹ dé!" Màmá na ọwọ́ sí i. "Jẹ́ kó sọ ọ́ tán."

Nọ́ọ̀sì dúró níwájú káńtà, ó fi ọwọ́ méjèèjì lé e. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kò kánjú. Ó ní bàbá arúgbó kan ni wọ́n fún òun. Bàbá náà kọjú sí ògiri, ó ní òun ò ní bá ọmọdé sọ̀rọ̀. Òun kí i, kò dáhùn. Òun bi í níbi tó ń dùn ún, ó ní, "Kò síbi kankan." Ọ̀rọ̀ tó kàn sì há mọ́ òun lọ́fun. Àwọn olùkọ́ ń wo òun. Òun jókòó, òun ń dúró de ọ̀rọ̀ náà. Àti pé nígbà tí òun dákẹ́ bẹ́ẹ̀, bàbá náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Ó ní àyà ló máa ń dun òun bí òun bá gun àtẹ̀gùn. Ó ní ọmọ òun kì í jẹ́ kí òun sọ̀rọ̀ parí. Olùkọ́ kan fẹ́ dá sí i, bàbá náà ní kó fi àwọn sílẹ̀.

"Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí n jáde. Mo jáde. Wọ́n tún pè mí wọlé. Wọ́n ní... wọ́n ní mo..."

Ó dákẹ́. Ó ń wá a. Ojú rẹ̀ lọ sí òkè àjà, ó bọ̀ sílẹ̀. Ọmọ Màmá ń fò lórí ẹsẹ̀ kan bí ẹni tí ìtọ̀ ń gbọ̀n. Màmá kò kọjú sí ògiri, kò ka bọ́tìnnì, kò di ètè mú. Ó gbé ìgbọ̀nwọ́ lé káńtà, ó fi ọwọ́ gba ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó ń wo ọmọ náà. Bó bá wu ọ̀rọ̀ náà, kó sùn sọ́nà. Òun ní gbogbo ìrọ̀lẹ́.

"...máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù àwọn arúgbó," ni Nọ́ọ̀sì wí, "lọ́jọ́ Ajé."